Àṣírí Wa àti Ààbò Wa Lórí Tẹlifóònù

Ní ayé àtijọ́, bí lẹ́tà bá ti Kùtọnu tàbí Èkó dé, ẹni tí kò mọ ìwé a pe ọmọ iléèwé kan kí ó kà á fún òun. Ọmọ náà a mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. A mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. A mọ ìjà tí ó wà láàárín ọkọ àti aya. Bí ó bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀, àṣírí bò. Bí kò bá ṣọ́ ọ, gbogbo àdúgbò gbọ́.

Lónìí a ti mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wà láàárín àwa àti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀: ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni. Èwo ni ó yẹ kí á fi ṣíwájú, àṣírí wa ni tàbí ààbò wa? Báwo ni a ó sì ṣe yan ilé-iṣẹ́ tí a ó fi ọ̀rọ̀ wa lé lọ́wọ́?

Kí ni ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ nípa wa? Ó mọ orúkọ wa, nítorí a fi ìwé ìdánimọ̀ hàn kí á tó gba káàdì. Ó mọ nọ́ńbà tí a pè, àkókò tí a pè é, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó. Òpó gíga tí ó ń gba ìpè wa ń sọ fún un bóyá Igana ni a wà tàbí ọjà Pobè. Bí a bá ń fi tẹlifóònù ránṣẹ́ owó, ó mọ iye rẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á. Bí obìnrin kan bá pe ilé ìwòsàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ẹni tí ó rí ìwé ìpè rẹ̀ ti mọ nǹkan nípa rẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Èéṣe tí ìjọba fi fẹ́ kí á kọ orúkọ wa? Nítorí ààbò ni. Àwọn ajínigbé àti àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn nọ́ńbà tí kò ní orúkọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn fún MTN, nítorí pé kò gé nọ́ńbà tí ó lé ní 5,000,000 tí a kò kọ orúkọ olówó wọn dáadáa. Owó náà jẹ́ náírà bílíọ̀nù 1,040. Ní ọdún 2016 wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330. Bí wọ́n bá jí ọmọ ẹni gbé, ta ni kò ní fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ẹni tí ó ń pè?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Edward Snowden, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, tú àṣírí kan. Ìjọba ń gba ìwé ìpè àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ Verizon lójoojúmọ́. Ilé ẹjọ́ kan ti fọwọ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n aláìṣẹ̀ àti ọ̀daràn ni wọ́n kó pọ̀. Ní ọdún 2015, òfin tuntun fi òpin sí i.

Ẹlòmíràn á sọ pé: «Èmi kò jalè, kí ni mo ní láti fi pamọ́?» Àṣírí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wíwẹ̀ kì í ṣe olè jíjà, síbẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ni a ti ń wẹ̀. Oníṣòwò kì í ka owó rẹ̀ láàárín ọjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí á kọ orúkọ wa kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ẹnikẹ́ni kàn máa ṣí ìwé wa wò. Kí ó jẹ́ ẹnì kan tí a mọ̀, fún ìdí tí a mọ̀, lábẹ́ òfin. Òfin-ìpìlẹ̀ Benin ti oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ 21 pé òfin ń dáàbò bo àṣírí lẹ́tà àti ìbánisọ̀rọ̀. Òfin ọdún 2018 lórí ètò kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa wa. Àjọ APDP ni a lè mú ẹ̀sùn lọ bá.

Ní Benin lónìí a ní MTN, Moov Africa àti Celtiis, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022. Gbogbo wọn ni ó ń kọ orúkọ. Kí á má wo owó ìpè nìkan. Kí á béèrè pé: Ta ni ó ń gba ìwé ìdánimọ̀ mi, ibo ni ó sì ń kó o sí? Bí káàdì mi bá sọnù, ṣé ẹlòmíràn lè gba nọ́ńbà mi láìfi ìwé hàn? Ǹjẹ́ wọ́n ní ọ́fíìsì nítòsí tí mo lè lọ fi ẹjọ́ sùn? Ẹni tí ó ní káàdì Benin àti káàdì Nàìjíríà, kí ó rántí pé ilé-iṣẹ́ méjì ni ó mọ ọ̀rọ̀ òun.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ owó yín fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni ó rán òun. Ẹ má fi orúkọ yín gba káàdì fún ẹlòmíràn, nítorí bí ó bá fi ṣe ibi, ẹ̀yin ni wọn ó wá mú. Ẹ má gbé tẹlifóònù fún ọmọdé kí ó bá yín tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ náà. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí: ẹ ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.