Ìwé Dókítà àti Ọmọ Tí Ọlọ́run Fi Fún Wa



Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn Mísà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti túká. Bí dókítà bá wí pé ìdàgbàsókè ọmọ kò rí bí ó ti yẹ, kí ni ó tọ́ kí Kristẹni ṣe? Ṣé kí ó gba ọ̀rọ̀ náà ni, tàbí kí ó kọ̀ ọ́ ní orúkọ Jésù? Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá gbà á kò ní ìgbàgbọ́ mọ́. Àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe ni n ó fi dáhùn.

Tọkọtaya kan mú ìwé kan wá bá mi. Ọmọkùnrin wọn ti pé ọdún méjì, kò tíì rìn, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Èdè Faransé ni a fi kọ ìwé náà, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ ọ. Mo rí ọ̀rọ̀ náà «retard» nínú rẹ̀, èyí tí a tún ń lò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Mo wo ojú ìyá ọmọ náà, mo sì wí pé: «Wọ́n ní ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹ máa gbàdúrà.» N kò ka ìlà tí ó tẹ̀lé e, níbi tí dókítà ti ní kí a yẹ etí ọmọ náà wò, kí a sì máa mú un wá fún ìtọ́jú ẹsẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó padà sí ilé ìwòsàn.

Mo pe ohun tí mo ṣe ní àánú. Ṣùgbọ́n ara mi ni mo ṣàánú, nítorí n kò fẹ́ rí omijé.

Kí ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń wí ní tòótọ́? Dókítà a máa wo bí ọmọ ti ń gbé orí dúró, bí ó ti ń jókòó, bí ó ti ń di nǹkan mú, bí ó ti ń dáhùn nígbà tí a bá pè é. A sì fi wé ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ara wọn le ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8. Àwọn mìíràn kò dá rìn títí oṣù 17 fi kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó pẹ́ ni ó ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a wádìí. Ó lè jẹ́ ìnira nígbà ìbí, ó lè jẹ́ ibà tí ó wọ ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ etí tí kò gbọ́ràn; ọmọ tí kò gbọ́ ohùn yóò ṣòro fún láti kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ lè ṣe lónìí ni àyẹ̀wò ń sọ. Kò lè sọ bí ọmọ náà ti níye lórí tó.

Ìbẹ̀rù kejì ni pé: ta ni ó fà á? Àwọn ẹbí a máa wo ìyá ní ìwò ẹ̀bi. Nínú Ìhìnrere ti Jòhánù Mímọ́, orí 9, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú ni, tàbí ti àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ kíyè sí i: Jésù kò sẹ́ pé ojú ọkùnrin náà fọ́, ẹ̀bi ni ó sẹ́. Ohun tí ìgbàgbọ́ ń kọ̀ nìyẹn. Àwọn baba wa pàápàá, tí wọn kò tíì gbọ́ Ìhìnrere, a máa pe arọ àti abuké ní ẹni òrìṣà, wọn kì í sì í jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wá ni àwíjàre wa, bí a bá ń fi ọmọ pamọ́ sí yàrá nígbà tí àlejò bá dé?

Kí ọmọ tó dé ni òbí ti ń fi ọkàn ya àwòrán rẹ̀: yóò kàwé, yóò tọ́jú mi lọ́jọ́ ogbó. Nígbà tí àwòrán náà bá fà ya, ẹkún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ inú àwòrán ni a ń sunkún. Ọmọ tí a bí wà lórí ẹsẹ̀ wa, ebi sì ń pa á. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Mo lọ sí ilé wọn, mo tọrọ àforíjì, mo sì ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Baba dákẹ́ pẹ́. Ìyá wí pé: «Ọ̀gá, gbogbo ohun tí ẹ kà yìí ni mo ti mọ̀ lára ọmọ mi. Ẹni tí n ó sọ ọ́ fún ni n kò rí.»

Ẹ̀yin òbí, bí a bá fún yín ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò kà á tán fún yín. Ẹ bi dókítà ní ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá mú un wá bá yín, ẹ má fo ìlà kankan. Kí a jókòó tì wọ́n nígbà tí omijé bá dé.