Ẹ̀sọ̀ Ni Ilé Agogo Àtijọ́ Ń Fẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí a bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣẹ gbangba, ká wo ilé agogo kàtídírà ìlú Pisa ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ilé gogoro tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Àwọn tó fi ìkánjú tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í wó. Àwọn tó fi sùúrù tọ̀ ọ́ lọ ló gbà á là.

Ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ náà kò jìn ju bíi mítà mẹ́ta lọ, amọ̀ rírọ̀ àti iyanrìn ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ dúró nítorí ogun, ó sì tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ìdádúró yìí ṣe ilé náà lóore, torí ilẹ̀ ráyè kì kí ẹrù yòókù tó gùn ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilé ti ń tẹ̀. Wọ́n bá ń kọ́ apá kan ga ju èkejì lọ kí orí rẹ̀ lè tọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí dòní. Agogo méje ló wà lókè rẹ̀, ìwọ̀n gbogbo ilé náà sì lé ní 14,000 tọ́ọ̀nù.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1838, ayàwòrán ilé kan, Alessandro Gherardesca, rí i pé ilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ àwọn òpó mì. Ó wù ú kí aráyé rí wọn, ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò yí ilé ká. Kòtò náà jìn kọjá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà. Omi ru jáde ní apá gúúsù, ibi tí ilé ń tẹ̀ sí gan-an, ilé sì tún sún. Lọ́dún 1934, nígbà ìjọba Mussolini, wọ́n lu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò sínú ìpìlẹ̀, wọ́n sì rọ sìmẹ́ǹtì sí i kó lè le. Ńṣe ló tún tẹ̀ sí i.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ilé agogo nínú wọn. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n wò; wọn ò béèrè ohun tó ń ṣe ilẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ilé gogoro àtijọ́ kan wó lójijì ní ìlú Pavia, èèyàn mẹ́rin sì kú. Ẹ̀rù ba ìjọba Ítálì. Lóṣù kìíní ọdún 1990, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé agogo Pisa, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Michele Jamiolkowski jẹ́ alága fún. John Burland, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ di ẹrù òjé 600 tọ́ọ̀nù lé apá àríwá, ìyẹn òdì-kejì ibi tó tẹ̀ sí. Nígbà tí ilé tún yọ̀ ní 1995, wọ́n fi òjé kún òjé títí ó fi tó bí 900 tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ohun tó jọ pé kò bọ́gbọ́n mu létí ẹni tí kò mọ̀dí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ ilé tó fẹ́ wó.

Apá àríwá, níbi tó ga, ni wọ́n ti ń wú u. Wọ́n ti páìpù wọlẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, irin tó ń yí nínú rẹ̀ ń fa erùpẹ̀ díẹ̀ jáde, ihò kékeré náà á sì pa dé fúnra rẹ̀. Ilé á jókòó padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀rọ ń wọn ìrìn rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí ẹ̀rọ bá sì sọ ni wọ́n fi ń pinnu iye erùpẹ̀ tí wọn yóò tún yọ. Nígbà tí iṣẹ́ fi parí lọ́dún 2001, orí ilé ti padà sẹ́yìn ní ohun tó lé ní 40 sẹ̀ǹtímítà. Wọn ò nà án tọ́ tán, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi títẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni, nítorí òun ni ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà fún àlejò.

Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní ilé agogo àtijọ́ lọ́wọ́ lè fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tirẹ̀ láìná owó rẹpẹtẹ. Kí wọ́n kó àwòrán àti ìwé àtijọ́ nípa ilé náà jọ. Kí wọ́n tọpa omi òjò láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀. Níbi tí ògiri bá ti sán, kí wọ́n fi dígí pẹlẹbẹ kan dábùú ojú sísán náà, kí wọ́n lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i lára. Bí dígí bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn, ìyẹn sì ju ohun tí rírẹ́ ojú ògiri lè wò sàn. Kí wọ́n ṣọ́ ọ kọjá òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí wọ́n sì pe ẹnjiníà tó mọ ilẹ̀ wá wò ó, kí wọ́n tó bá bíríkìlà dúnàádúrà.