Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Àgbo, Tí A Fi Ń Pa Á Mọ́ fún Dókítà?



Ní ọjọ́ kan tí mo gbé Ara Olúwa lọ fún ìyá àgbàlagbà kan ní ilé-ìwòsàn, mo rí ìgò àgbo lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kí n tó béèrè ohunkóhun ni ó ti ń bẹ̀ mí pé, “Fádà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún dókítà.” Ohùn tí ènìyàn fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ìyá yìí dá?

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ewé. Ìwé Síráákì, orí 38, kọ́ wa pé Olúwa ni ó dá oògùn láti inú ilẹ̀. Orí kan náà ni ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn àlùfáà Ẹgbẹ́ Jésù mú èèpo igi kan tí ń wo ibà láti Peru wá sí Róòmù. Inú irú èèpo bẹ́ẹ̀ ni a ti rí kuníìnì. Ẹbọ àti ọfọ̀ ni Ìjọ kọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n àwa ti gbé ìtìjú tí ó tọ́ sí ìbọ̀rìṣà lé ewúro lórí.

Inú ìpamọ́ ni ewu wà. Ewúro lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Bí ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà bá ń mu omi rẹ̀ láràárọ̀, tí dókítà kò mọ̀, tí ó sì fún un ní oògùn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣúgà náà lè lọ sílẹ̀ jù, kí aláìsàn sì dákú. Aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa mọ̀ ṣáájú.

Bí dókítà bá béèrè oògùn mìíràn tí a ń lò, tí a mi orí pé kò sí, irọ́ ni. Bí kò bá tilẹ̀ béèrè, dídákẹ́ wa ń dì í lọ́wọ́, ó sì ń fi tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́, èyí tí í ṣe ara wa, sínú ewu.

Ẹ ó wí pé, “Fádà, dókítà yóò jágbe mọ́ wa.” Lóòótọ́, àwọn kan a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń bá wa jọ́sìn, ẹ gbọ́: ẹni tí ẹ bá fi àbùkù kàn lónìí kò ní sọ òtítọ́ fún yín lọ́la.

Mo rọ ìyá náà kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́. Dókítà kò bínú. Ó gbé ìgò náà, ó béèrè orúkọ ewé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ má sì ṣe dá oògùn ilé-ìwòsàn dúró fúnra yín. Òtítọ́ a máa korò bí ewúro, ṣùgbọ́n ìwòsàn ń bẹ nínú rẹ̀.

Kí Lúùkù Mímọ́, ẹni tí ó jẹ́ oníṣègùn, bẹ̀bẹ̀ fún àwọn aláìsàn wa àti àwọn tí ń tọ́jú wọn. Àmín.