Ta Ni Ó Ni Ìwé Ẹni tí Ó Wádìí Ìwà Ọ̀daràn?

Ní ayé ìjọba àwọn Òyìnbó, àti fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan wà nínú àpótí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rù ju ẹgba lọ. Inú ìwé náà ni a ń kọ orúkọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ sí, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀, iye ẹgba tí a nà án, àti ọjọ́ tí a nà án. Ọmọ tí ó jí oúnjẹ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ti di baba àgbà lónìí, kí ó sì jẹ́ olóyè ní ìlú rẹ̀. Ojú ẹgba ti san lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikán kò bá tíì jẹ ìwé náà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ṣèèṣì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́ ní ọ̀rọ̀ láti rò. Bí ó bá jó o níná, ó jó apá kan nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí, nítorí pé láti inú ìwé náà ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá ti mọ irú ìyà tí a fi tọ́ àwọn baba wọn. Bí ó bá sì tọ́jú rẹ̀, ìtìjú ẹlòmíràn ni ó tọ́jú. Èwo ni kí ó ṣe?

Ìbéèrè yìí kéré nínú ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó ń di ńlá bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wádìí ìwà ọ̀daràn. Irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe adájọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ìdí tí olè fi ń jalè, ọgbọ́n tí ó ń dá, àti ohun tí ó wà nínú àwùjọ tí ó ń sọ ẹni tí a bí ire di ẹni tí ń gba rìbá. Nígbà tí ó bá fi máa fẹ̀yìn tì, àpótí rẹ̀ a ti kún: ìwé pélébé tí ó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ lójú ọ̀nà, ohùn tí ó gbà sínú ẹ̀rọ, lẹ́tà, àti ẹ̀dà ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Àwọn yunifásítì a máa gba irú àpótí bẹ́ẹ̀, wọn a tò ó, wọn a sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ta wá ni ó ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó kọ ọ́ ni, tàbí ẹni tí ó sọ ọ́, tàbí ìlú tí ó fẹ́ fi kọ́gbọ́n?

Ìlú kan tí a ti lè gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáradára ni Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí ó wà létí omi ńlá náà gan-an tí Yorùbá ń pè ní Odò Ọya. Ní ọdún 2001 ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan dá ilé ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, tí a mọ̀ sí LASDEL. Jean-Pierre Olivier de Sardan, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti gba ìwé ọmọ-ìlú Niger, àti Mahaman Tidjani Alou, ọmọ Niger tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣèlú, wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwádìí náà ní ẹ̀ka ní Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin. Láàárín ọdún 1999 sí 2001, Olivier de Sardan àti Giorgio Blundo darí ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, èyíinì ni Benin, Niger àti Senegal, lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́. Kì í ṣe owó ńlá tí àwọn mínísítà ń kó lọ ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá ni owó kékeré tí ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ níwájú aṣọ́bodè, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, nínú ọgbà ilé ẹjọ́ àti ní ọsibítù. Ìwé tí ó jáde láti inú iṣẹ́ náà di títẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2006.

Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1999, Olivier de Sardan ti kọ ọ́ pé rìbá kì í dá dúró. Ó fara mọ́ àwọn ìwà mìíràn tí àwùjọ kò kà sí ìwà ìbàjẹ́ rárá: ìnájà, ọrẹ fífún ẹni tí ó ṣe wá lóore, ìrànlọ́wọ́ ẹbí àti ojúlùmọ̀, àṣẹ aláṣẹ tí ń gba tọwọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ọrọ̀ tí a retí pé kí ẹni tí ó bọ́ sí ipò kó jọ kí ó lè pín in fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fi kún un pé ìtìjú pàápàá wà lára ohun tí ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti ran ìbátan rẹ̀ lọ́wọ́ nípasẹ̀ ipò rẹ̀ ni ojú yóò tì, kì í ṣe ẹni tí ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé àṣà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó bí ìwà náà. Ó rántí ipa tí ìjọba àwọn amúnisìn kó nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ pé wíwàásù fún ọmọ pé rìbá kò dára kò tó. Ọmọ náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ẹ̀bùn ṣe ń yí padà di rìbá lọ́wọ́ ẹni tí kò ní èrò ibi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni a fi ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan ni ó sọ ọ́. Akọ̀wé kóòtù, nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀ jókòó pẹ̀lú àlejò tí ó mú ìwé dání, ó sì tú inú rẹ̀ jáde nítorí pé ó gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní di ẹjọ́ sí òun lọ́rùn. Bí kò bá sí ìgbàgbọ́ yìí, kò sí ìmọ̀ kankan. Irọ́ tí a ń sọ fún ìjọba ni a óò sọ fún olùwádìí náà. Yorùbá sì ní orúkọ tí ó burú fún ẹni tí ó tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta: ọ̀dalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Láti ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kí a jó ìwé náà níná, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ìdí wà fún èrò wọn. Ní ọdún 1993, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Rik Scarce, tí ń wádìí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, lo ọjọ́ 159 ní ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó kọ̀ láti sọ ohun tí àwọn ènìyàn bá a sọ ní ìkọ̀kọ̀ fún ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó lè fara da ìyẹn. Ní Boston College, láti ọdún 2001, a gba ohùn àwọn tí wọ́n ti jagun abẹ́lẹ̀ ní Àríwá Ireland sílẹ̀, a sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ títí wọn yóò fi kú. Ní ọdún 2011 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2013, apá kan nínú ohùn náà ti bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́pàá. Ìlérí wà, àpótí wà, kọ́kọ́rọ́ wà. Síbẹ̀, agbára tí ó ju ti olùpamọ́ lọ ni ó ṣí i.

Ẹ̀yìn kan ṣoṣo kọ́ ni ọ̀rọ̀ ní. Ẹ jẹ́ kí a wo Edwin Sutherland, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó wádìí ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn olówó àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá 70 wò, ó sì rí i pé ìdájọ́ 980 ni a ti ṣe tí ó ta kò wọ́n. Nígbà tí ìwé rẹ̀ máa jáde ní ọdún 1949, ẹ̀rù ẹjọ́ mú kí wọ́n yọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ náà kúrò. Ó kú ní ọdún 1950, kò sì sí ẹni tí ó ka ìwé náà pẹ̀lú orúkọ ní gbangba títí di ọdún 1983, nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní odindi. Níhìn-ín, kì í ṣe òtòṣì tí ó fọkàn tán ènìyàn ni bíbo orúkọ dáàbò bò, bí kò ṣe alágbára tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Bí a bá ti jó àpótí Sutherland níná ní orúkọ àánú, àánú náà ì bá ti di àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ kò sí nínú bí ẹ̀ṣẹ̀ ti tóbi tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ni ìyàtọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ìta wà, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù sì wà. Ohun tí Sutherland kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìta: adájọ́ ti sọ ọ́, ó wà nínú ìwé tí gbogbo ìlú ní ẹ̀tọ́ láti kà, kò sì sí ẹni tí a dalẹ̀ bí a bá tún un sọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún àlejò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù. Bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ìta ni ìlú. Ẹni tí ó ni orúkọ inú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù ni ẹni tí ó sọ ọ́; ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìkan ni ó fi ta ìlú lọ́rẹ.

Àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí kí yunifásítì tó dé. Ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo kì í kígbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Owó ni ó ń mú súnmọ́ ẹnu, tí ó ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, tí babaláwo kò sì ní gbọ́. Babaláwo a wá kí ìtàn ẹni àtijọ́ kan tí irú ìṣòro náà ti bá rí, ohun tí a ní kí ó ṣe, ohun tí ó kọ̀ tàbí tí ó gbà láti ṣe, àti ibi tí ó yọrí sí. Ìtàn wà ní ìpamọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, àrọ́mọdọ́mọ ń kọ́ ọ sórí; ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó lórí ẹní lónìí kò fara hàn nínú rẹ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti yanjú ìdajì ìṣòro náà.

Ìdajì yòókù ni ti àkókò, Niamey sì tún ní ẹ̀kọ́ kan fún wa lórí èyí. Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti òpìtàn, ni ó jẹ́ ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Niger láti ọdún 1958 títí di ọdún 1974. Nígbà tí ó wà ní ipò ni ó ń kó ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ jọ, èyí tí a kọ ní èdè Lárúbáwá àti ní àwọn èdè ilẹ̀ náà pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ọmọ-ogun gbàjọba, wọ́n sì fi òun pàápàá sí àtìmọ́lé. Ó kú ní ọdún 1982. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ìkójọ rẹ̀ bí wà ní ilé ìwádìí tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Abdou Moumouni ní Niamey. Ìwé pẹ́ ju ìjọba lọ. Èyí dára fún ìtàn, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí ń tọ́jú àṣírí: ẹni rere tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la, ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀.

Nítorí náà, kò tọ́ kí ọ̀mọ̀wé gbẹ́kẹ̀ lé inú rere olùpamọ́. Kí ó ya orúkọ kúrò lára ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ìwé tí ó fi ń mọ ẹni tí ó sọ èyí àti ẹni tí ó sọ tọ̀hún ni kí ó jó níná fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìyókù ni kí ó fi sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè béèrè pé, bí olùsọ̀rọ̀ bá wá sọ pé òun fẹ́ pa ènìyàn lọ́la ńkọ́? Kò sí ìlérí tí ó lè bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí a fẹ́ pa náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a kò sì pè é sí ibi tí a ti ṣe ìlérí. Ohun tí ó tọ́ ni kí olùwádìí sọ ààlà ìlérí rẹ̀ kí olùsọ̀rọ̀ tó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Boston fi hàn pé ìlérí tí ó tóbi ju agbára ẹni tí ó ṣe é lọ jẹ́ ìdalẹ̀ tí a ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣe é.

Olùkọ́ tí a fi sílẹ̀ nínú yàrá ẹrù ti lè mọ ohun tí yóò ṣe. Ọmọ tí a nà kò fi ohùn sí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́ ni ó dá a lẹ́bi ní gbangba. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú. Kí olùkọ́ náà da ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ: ọdún, ẹ̀ṣẹ̀, iye ẹgba, àti ọjọ́ orí ọmọ. Kí ó fi ẹ̀dà náà sí ibi tí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò ti rí i. Lẹ́yìn náà kí ó mú ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì ṣáná sí i. Àpá ẹgba ti san tipẹ́. Kò yẹ kí a fi ìwé dá a sí.