Ẹ̀gẹ́ Inú Oko àti Búrẹ́dì Orí Pẹpẹ



Ẹ kíyèsí ohun tí a ń gbé wá sí orí pẹpẹ nígbà Mísà. Kì í ṣe hóró àlìkámà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èso àjàrà. Búrẹ́dì ni, wáìnì sì ni. Ọlọ́run ni ó mú kí àlìkámà hù, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó lọ̀ ọ́, tí ó pò ó, tí ó sì fi iná sí i. Kí Olúwa wa tó fi Ara Rẹ̀ fún wa, Ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ parí ní ọjọ́ ìkórè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gẹ́. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ó ń kórè rẹ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, síbẹ̀ òṣì kò kúrò ní ilé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbìn ín. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Oníbàárà mọ èyí, ìdí nìyí tí ó fi ń dá iye tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o, tí a rin ín, tí a jẹ́ kí ó kan nínú àpò, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án, ó di gàárì tí ó lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó ní gàárì lè sọ pé, “Owó yìí kò tó,” kí ó sì gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ẹni tí ó ní ẹ̀gẹ́ tútù kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1961, nínú ìwé Mater et Magistra, Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún kọ́ wa pé ó yẹ kí ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú irè oko, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun títà, wà ní ìgbèríko. Ó sì gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ lè ju agbára ẹnì kan lọ; kò ju agbára ìdílé mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n èrè tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbùkún. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ni ó ń lé e jáde. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ pé nítorí pé ọjà ti súnmọ́, ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó ń fi ṣòwò. Ẹni tí ń dí ìdí kóńgò, olè ni.

Ẹ tún rántí àwọn obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń jókòó ti ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀, àwọn ni èéfín ìdí agbada ń pọ́n lójú. Nígbà tí owó bá dé, kí ni ó ń kàn wọ́n? Jákọ́bù Mímọ́ kìlọ̀ pé owó ọ̀yà tí a fi du alágbàṣe ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́ igbe náà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ọkọ àti aya jọ jókòó ka owó oko wọn, kí àwọn tí oko wọn pààlà fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kí ẹni tí ó jẹ alágbàṣe lówó san án kí ó tó tún súnmọ́ pẹpẹ. Nígbà náà ni a ó lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa wá síwájú Ọlọ́run láìtijú.

Kí Ọlọ́run Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́, bùkún oko yín àti iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.