Ta Ni Ó Ni Góòlù Sydney?

Ẹ má fòyà, n kò gbé wàásù wá lónìí. Ọ̀rọ̀ eré ìje ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ọmọ kéwú mi kan fi í dá mi dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan, n kò sì rí èsì gidi fún un títí tí a fi ṣíwọ́.

Súrà Mutaffifina ni a ń kà lọ́wọ́, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Mo fẹ́ kí ó yé àwọn ọmọ pé kì í ṣe orí ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan ni ènìyàn ti lè dín òṣùwọ̀n, ni mo bá sọ ìtàn Sydney fún wọn. Nígbà tí mo parí, ọmọ yìí nawọ́ sókè, ó ní, "Ààfáà, ẹni tí kò lo oògùn nínú wọn ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi gba ti ọwọ́ òun náà?" Àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbà á!

Fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà, báyìí ni ó ṣe lọ. Ọjọ́ Sátidé, 30 September 2000 ni, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ti Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ọmọ iṣẹ́ ni mí lábẹ́ ọ̀gá mi tí ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, gbogbo wa sì rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n. Eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin ni, tí olúkúlùkù ń sá 400 mítà kí ó tó fi ọ̀pá lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Clement Chukwu ló bẹ̀rẹ̀, Jude Monye gbà á, Sunday Bada gbà á, Enefiok Udo-Obong ló gbé e délé. Nígbà tí ọ̀pá fi máa dé ọwọ́ Udo-Obong, Jàmáíkà ti wà níwájú wa. Ọmọkùnrin náà sáré bí ẹni tí iná ń lé, etí ìlà gan-an ló ti lé ọmọ Jàmáíkà bá tí ó sì kọjá rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68 ni tiwa, 58.78 ni tiwọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ó lé ní ogún ọdún tí kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tí ó sá a yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ìgbà tí Botswana ṣe é ní Tokyo ní ọdún 2021.

Amẹ́ríkà ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, 2:56.35. A kò bínú. Ta ni yóò bá Michael Johnson du nǹkan nígbà náà? Fàdákà ni a gbà, a sì jó sí i.

Ní oṣù May ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ẹni kejì tí ó sá fún Amẹ́ríkà ní ọjọ́ náà, dúró ní kóòtù ní San Francisco níbi ẹjọ́ olùkọ́ rẹ̀, ó búra, ó sì jẹ́wọ́ pé láti ọdún 1997 ni òun ti ń lo oògùn tí òfin eré ìje kọ̀. Ní oṣù August, àjọ Òlíḿpíìkì àgbáyé gba góòlù náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó tún di oṣù July ọdún 2012 kí wọ́n tó gbé e fún Nàìjíríà, tí fàdákà bọ́ sí ọwọ́ Jàmáíkà, tí idẹ sì bọ́ sí ọwọ́ Bahamas.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ náà, nítorí kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Alvin àti Calvin Harrison, àwọn ìbejì tí wọ́n jọ sá eré náà, gba ìjìyà tiwọn ní ọdún 2004 lórí ọ̀rọ̀ oògùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ti Johnson ńkọ́? A kò bá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré. Àwọn àgbààgbà adájọ́ pàápàá kò rí ọ̀rọ̀ yìí bákan náà nígbà gbogbo. Jerome Young, ẹni tí ó sá fún Amẹ́ríkà nínú ìpele ìṣáájú ní Sydney, ni àṣírí oògùn rẹ̀ kọ́kọ́ tú, ṣùgbọ́n ní ọdún 2005 kóòtù eré ìdárayá ní kí àwọn tó kù máa mú góòlù wọn lọ. Young kò sá nínú àṣekágbá, Pettigrew sá a.

Èmi kì í ṣe adájọ́, oníṣòwò ni mí, ojú ọjà ni mo fi ń wò ó. Ká ní èmi àti ẹni mẹ́ta da owó pọ̀, a ra obì ní Ṣàgámù, a sì kó o wá sí Òkè Ọya níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wa jí agbọ̀n kan nínú ẹrù ẹlòmíràn ní ọ̀nà, ó dà á mọ́ tiwa, a tà á, a pín èrè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, olóbì dé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ pè mí ní olè, n kò jalè. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè nawọ́ sí àpò mi kí n ní owó rẹ̀ tó wà níbẹ̀ di tèmi nítorí pé n kò mọ̀? Ẹ̀bi lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀. Ó jọ pé ohun tí Johnson rí nìyẹn, nítorí kí àjọ tó dájọ́ rárá ni ó ti sọ pé òun yóò dá góòlù náà padà, pé wọn kò jẹ ẹ́ ní ọ̀nà tí ó mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní góòlù mẹ́rin mìíràn wà ní ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí olówó tí ó fi náírà márùn-ún jà.

Kí a má sì máa fi ìka na Amẹ́ríkà nìkan. Ní Delhi ní ọdún 2010, Oludamola Osayomi, ọmọ wa, gba góòlù 100 mítà, wọ́n sì gbà á padà lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ní Tokyo ní ọdún 2021, wọ́n dá Blessing Okagbare dúró láàárín ìdíje. Ní ìdíje yẹn kan náà, wọn kò jẹ́ kí mẹ́wàá nínú àwọn eléré wa kópa, nítorí pé àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a ti ṣe fún wọn ṣáájú kò pé. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ara wọn mọ́. Àwọn náà lè béèrè ìbéèrè ọmọ kéwú mi.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni ti Sunday Bada. Kaduna ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1969. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí Òkè Ọya mọ ìdí tí mo fi dárúkọ ibẹ̀. Ó gba góòlù àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní Paris ní ọdún 1997, nínú 400 mítà. Ó kú ní 12 December 2011, ẹni ọdún 42. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni wọ́n ní òun ló ni góòlù Sydney. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí ni òkú fẹ́ fi góòlù ṣe, pé kí wọ́n kúkú fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

N kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ló sì kọ́ mi. Ó ra ẹrù ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tí ó ń padà sílé, mudu kan sì wà nínú rẹ̀. A fi wọ̀n ìrẹsì fún bí ọdún kan kí a tó fi ṣe ẹgbẹ́ mudu ẹlòmíràn: wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Ọ̀gá mi kọ́ ni ó lù ú, kò sì sọ pé òun kò mọ̀. Ó jókòó, ó ka àwọn oníbàárà tí ń rà púpọ̀, ó ṣírò èyí tí ó dín, ó sì ń rán mi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Hausa kan wà tí ń fi ìrẹsì wa ṣe wáínà. Ìgbà tí mo fi dé ilé rẹ̀, ó ti kú láti oṣù mẹ́ta. Mo padà sọ fún ọ̀gá mi, ó ní kí n gbé owó náà lọ fún ọmọ rẹ̀, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí n má kàn sọ ọ́ sí i lọ́wọ́.

Mo ṣàlàyé. Ọmọ náà gba owó, kò kà á. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gbogbo ọdún yẹn ni ìyá òun ń ké pé ìrẹsì òun kì í tó iye wáínà tí òun máa ń rí tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ogbó ló dé, pé kò mọ ìwọ̀n mọ́.