Nígbà Tí Sítíárìn Bá Ń Kùn: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Allāhu tí Ó tẹ ohun ìrìnnà lórí ba fún wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá tàbí ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Ọlọ́hun kò ní bi wá léèrè nípa mọ́tò, kí ó fara balẹ̀ bá wa kà á dé ìparí.

Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí a kọ́ ní kéú láti kékeré, ra mọ́tò spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì. Tòkunbọ̀ pupa ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò. Ní ọjọ́ tí ó gbé e dé, àwọn ọmọ kéú fi wàláà sílẹ̀, wọ́n sáré jáde lọ wò ó. Àwa náà jáde. A ṣe àdúà àlùbáríkà sí i, arákùnrin wa sì yọ owó tí a fi parí òrùlé kíláàsì kan. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ láádá.

Kò ju oṣù méjì lọ tí mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ó bá ti fẹ́ yí sítíárìn wọ ọgbà, ìró kan á máa dún níwájú bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní páǹpù páwà sítíárìn ló ń kú lọ, họ́ọ̀sì rẹ̀ sì ti ń jò. Arákùnrin wa ní òun gbọ́. Ó ra ọ́ìlì hídírọ́líìkì sínú bùútù, ó ń rọ ọ́ sí i láràárọ̀. Owó tí ìbá fi ra páǹpù, ó fi ra ríìmù tuntun tí yóò fi ṣe ọdún Iléyá.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Láyé àtijọ́, agbára apá awakọ̀ nìkan ni ó ń yí táyà. Ará Amẹ́ríkà kan, Francis W. Davis, ni ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ran awakọ̀ lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1920. Ní ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ Chrysler fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí páǹpù rẹ̀. Páǹpù yóò ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ síbi tí táyà ti ń yí, ipá ọ́ìlì yìí ni ó sì ń bá ọwọ́ wa ṣe é. Bí ọ́ìlì bá jò tán, tí bẹ́líìtì bá já, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí ìrìn, ìrànlọ́wọ́ náà dópin. Irin tí ó so sítíárìn mọ́ táyà kò já, nítorí náà mọ́tò ṣì lè yà. Ṣùgbọ́n yóò le bí ẹni ń yí ọlọ, pàápàá bí táyà bá fẹ̀. Ọwọ́ tí ìrọ̀rùn ti mọ́ lára kò sì ní tètè mọ ohun tí ó dé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a ń lọ síbi yìgì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa ni a jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ arákùnrin wa. Láti ìgbà tí a ti gbéra ni a ti ń gbọ́ kíkùn yẹn. A mọ ohun tí mẹkáníìkì sọ. Síbẹ̀ a kò sọ nǹkan kan. Kí ló dí wa lẹ́nu? Òrùlé kíláàsì ni. Ojú ń tì wá láti bá ẹni tí ó ṣe wá lóore wí.

Nígbà tí a fẹ́ yà kúrò lójú títì ńlá wọ ìlú, arákùnrin wa kò dẹ eré tó bí ó ti yẹ. Ní àárín kọ́nà gan-an ni họ́ọ̀sì bẹ́. Sítíárìn gan lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò kò yà mọ́, ó dojú kọ ìyá kan tí ó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Arákùnrin wa fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kálímà nìkan ni ó kù lẹ́nu wa. Ọlọ́hun ni ó dá mọ́tò náà dúró, iwájú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ ọmọ náà ju ìgbésẹ̀ kan lọ.

Ìyá náà kò pariwo, kò ṣépè. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wo láwàní orí wa, ó ní: “Ààfáà, ẹ̀yin náà wà nínú ọkọ̀ yìí?”

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fún un. Títí di òní a kò tíì rí i.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, a yíjú sí arákùnrin wa pé ṣebí mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún un. Ohun tí ó sọ wọ̀ wá lára ju ti ìyá yẹn lọ. Ó ní: “Ààfáà, ẹ máa ń gun ọkọ̀ náà. Mo rò pé bí ó bá léwu, ẹ ó ti sọ.” Ìdákẹ́ wa ni ó fi ṣe ìyọ̀ǹda.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Èkínní, Allāhu kọ̀ fún wa nínú Súrátul Baqarah, āyà 195, kí á má ṣe fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Bẹ́ẹ̀ ni Súrátun Nisāi, āyà 92, ṣàlàyé ohun tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́: ìtúsílẹ̀ ẹrú onígbàgbọ́ àti owó ẹ̀mí fún àwọn ẹbí òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Àṣìṣe nìyẹn o! Ẹni tí mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún, tí ó fi owó páǹpù ra ríìmù, ẹnu wo ni yóò fi pe tirẹ̀ ní àṣìṣe lásán níwájú Ọlọ́hun?

Èkejì, àwọn kan yóò ní àwọn ti ṣe àdúà sí mọ́tò àwọn. Àdúà dára. Ṣùgbọ́n àdúà ìrìnnà tí ó wà nínú Súrátu Zukhruf, āyà 13 àti 14, ń rán wa létí pé agbára wa kọ́ ni a fi kápá ohun tí a ń gùn, àti pé ọ̀dọ̀ Olúwa wa ni a ń padà sí. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní fi ohun ìrìnnà ṣe fáàrí. Ànọ́bì (s.a.w.) sì ti kọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ so ó, lẹ́yìn náà kí ó gbára lé Ọlọ́hun. Títún páǹpù ṣe ni síso ràkúnmí ti ayé òde òní.

Ẹ̀kẹta ni tiwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́. Ẹ rántí hadith àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ dá ihò sí ìpín tiwọn kí wọ́n lè rí omi bù. Bí àwọn tí ó wà lókè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. A jọ wà nínú ọkọ̀ ni, a sì gbọ́ kíkùn rẹ̀. Ìtọrẹ kò gbọdọ̀ di ẹ̀gbà sí wa lẹ́nu.

Ọkàn náà ní sítíárìn. Kì í kú lójijì, yóò kọ́kọ́ kùn. Ìrun Subhi á máa pẹ́, Alùkùránì á di ohun tí a ń gbé sórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ òbí á máa ni wá lára. Ọjọ́ tí a bá dé kọ́nà ni a ó mọ̀ pé kò yà mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọrọ ìfinimọ̀nà nínú Fātiha, nínú rákà 17 ìrun ọ̀ranyàn ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá gbọ́ kíkùn nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn, bí ó bá ń le, tàbí tí ẹ rí ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ iwájú ọkọ̀, ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má ṣe rọ ọ́ìlì bíréèkì sí i. Bí ó bá gan lórí ìrìn, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ dẹ eré díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Arákùnrin wa ti ta ríìmù náà, ó ti ra páǹpù àti họ́ọ̀sì tuntun. Àwa méjèèjì padà lọ bẹ ìyá náà, ó sì foríjì wá. Kí Allāhu fi orí jì wá pẹ̀lú, kí Ó ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kí Ó fún wa ní ẹnu tí a ó fi máa sọ òdodo fún ẹni tí a fẹ́ràn. Àmín.